Ǹjẹ́ Ìrántí Èwe Tí Hypnosis Mú Jáde Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé?

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn olùgbọ́ ní ilé ìkàwé ìgbèríko



Bí a bá bi àgbàlagbà kan léèrè pé kí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó rántí nínú ayé rẹ̀, agbára káká ni yóò fi lè sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún 3. Ohun tí ó wà ṣáájú ìgbà náà dà bí òru tí kò ní òṣùpá. Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àìlóye. Bí a ti dá ọmọ ènìyàn ni. Síbẹ̀ òkùnkùn yìí kì í jẹ́ kí ọkàn àwọn kan balẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu ọmú a máa fẹ́ rántí ojú ìyá náà. Ẹni tí ìbànújẹ́ tí kò mọ orírun rẹ̀ ń bá fínra a máa fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí òun ní kékeré. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi yọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọgbọ́n kan wà tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn ìgbà èwe sílẹ̀. Hypnosis ni orúkọ ọgbọ́n náà.

Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: bí hypnosis bá mú ìrántí èwe jáde, ṣé òtítọ́ ni ìrántí náà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, nítorí pé nípasẹ̀ irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ti fi ẹ̀sùn ńlá kan òbí tí ó tọ́ wọn, tí ilé sì ti tú.

OHUN TÍ HYPNOSIS JẸ́

Hypnosis kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe èèdì. Ẹnìkan yóò jókòó tàbí kí ó dùbúlẹ̀ ní ibi tí kò sí ariwo. Ẹnìkejì, tí ọ̀rọ̀ yìí yóò máa pè ní olùdarí, yóò máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ pé kí ó tẹjú mọ́ ohun kan, kí ó jẹ́ kí ara rẹ̀ rọ̀, kí ó máa mí kanlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn ẹni náà yóò kúrò lára ohun gbogbo tí ó yí i ká, tí yóò sì wà lọ́dọ̀ ohùn olùdarí nìkan. Kò sùn, nítorí pé ó ń gbọ́, ó sì ń fèsì. Ṣùgbọ́n àbá tí olùdarí bá dá fún un a máa wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí olùdarí bá ní ọwọ́ rẹ̀ ti fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, ọwọ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ara rẹ̀. Kì í mú gbogbo ènìyàn bákan náà: ó ń mú àwọn kan gidigidi, àwọn mìíràn kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ìtàn ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Franz Anton Mesmer ti Vienna wá sí Paris ní 1778, ó ń wí pé agbára àìrí kan tí ó dà bí ti òòfà ni òun fi ń wo aláìsàn sàn. Ní 1784, ọba ilẹ̀ Faransé yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀, Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà sì wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n rí i pé ara ẹni tí ó gbàgbọ́ pé agbára náà ti kan òun a máa gbọ̀n, bí ohunkóhun kò tilẹ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń lo agbára náà fún òun kì í mọ nǹkan kan lára. Ìgbìmọ̀ náà parí ọ̀rọ̀ pé ohun tí aláìsàn gbà sí ọkàn ara rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ní 1843 ni James Braid, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, kọ ìwé kan tí ó fìdí orúkọ tuntun múlẹ̀ fún iṣẹ́ náà, tí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ agbára àìrí.

Títí di òní àwọn dókítà kan ń lo hypnosis láti mú ìrora fúyẹ́ àti láti mú ẹ̀rù aláìsàn rọlẹ̀, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó ń bá a jà lórí ìyẹn. Orí ọ̀rọ̀ ìrántí ni wàhálà wà.

OBÌNRIN PUEBLO

Ní ọjọ́ 29 oṣù November 1952, ní ìlú Pueblo, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Morey Bernstein, tí ó máa ń ṣe hypnosis nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, darí ìyàwó ilé kan tí ìwé rẹ̀ pè ní Ruth Simmons. Ruth kì í ṣe orúkọ obìnrin náà gan-an. Wọ́n fi bò ó láṣìírí ni. Olùdarí ní kí obìnrin náà padà di ọmọ ọdún 7, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilé ìwé bí ọmọdé. Ó ní kí ó tún kéré sí i, títí ó fi di ọmọ ọdún 1. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó kọjá ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Obìnrin náà sì wí pé Bridey Murphy ni orúkọ òun, pé a bí òun ní Cork ní ilẹ̀ Ireland ní 1798, òun sì kú ní Belfast ní 1864. Wọ́n fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí ìwé tí Bernstein kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1956, ó tà bí àkàrà gbígbóná, wọ́n sì ṣe sinimá rẹ̀ lọ́dún náà.

Àwọn ìwé ìròyìn rán oníṣẹ́ wọn lọ sí Ireland. Wọ́n wá ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú Bridey, wọn kò rí ọ̀kan. Òótọ́ ni pé ní 1864 ni ìjọba ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú gbogbo ènìyàn sílẹ̀, nítorí náà àìrí ìwé kò tó láti parí ẹjọ́. Òótọ́ sì ni pé wọ́n rí orúkọ oníṣọ́ọ̀bù oúnjẹ 2 tí obìnrin náà dá nínú ìwé orúkọ àwọn oníṣòwò Belfast ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kan ní Chicago, níbi tí Ruth ti dàgbà, kéde pé nígbà tí ó wà lọ́mọdé, obìnrin ará Ireland kan ń gbé ní òdìkejì títì tí ó kọjú sí ilé wọn, Bridie Murphy sì ni orúkọ obìnrin náà kí ó tó lọ ilé ọkọ. Àwọn mìíràn jiyàn lórí bí ọmọ náà ti mọ aládùúgbò yìí tó.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí a ti ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, irú ìtàn yìí yóò dùn mọ́ni létí. Bóyá ènìyàn ń padà wá tàbí kò padà wá, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni, hypnosis kò sì lè ṣe adájọ́ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé, bí gbogbo ayé ti ń jiyàn lórí Ireland, ènìyàn díẹ̀ ni ó béèrè nípa ìpele àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí Ruth di ọmọ ọdún 7, ṣé ọmọ ọdún 7 ni ó dà ní tòótọ́? Tàbí àgbàlagbà ni, tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ó ti rò pé ọmọdé a máa sọ̀rọ̀?

ÌDÁNWÒ ÀWỌN ONÍMỌ̀

Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Martin Orne ti béèrè ìbéèrè náà ṣáájú, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1951. Ó fi hypnosis darí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì padà sí ọmọ ọdún 6. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí a bí ní Jámánì, tí kò gbọ́ ju èdè Jámánì lọ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 6. Wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi í pé ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi èdè Jámánì dáhùn pé, “Nein,” èyíinì ni “rárá.” Wọ́n tún béèrè lọ́nà mìíràn, ó tún ní rárá. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹni tí kò gbọ́ èdè kan, báwo ni ó ṣe mọ ohun tí wọ́n fi èdè náà béèrè?

Wọ́n ní kí òmíràn kọ gbólóhùn kan tí ó kún fún ọ̀rọ̀ gígùn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò. Ó rọra ń kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà bí ọmọdé, ṣùgbọ́n kò ṣi lẹ́tà kan. Ọmọ ọdún 6 wo ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Òbí ẹnìkan sì tọ́jú àwòrán tí ó yà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 6 ní tòótọ́. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó yà lábẹ́ hypnosis, wọn kò jọra. Àwòrán hypnosis jẹ́ ti àgbàlagbà tí ó ń sín ọmọdé jẹ.

Ìwádìí kan wà tí ó dà bí ẹni pé ó ta ko èyí. Ní 1949, Robert True kọ ọ́ sínú ìwé Science pé òun darí ènìyàn 50 padà sí ọmọ ọdún 10, ọdún 7 àti ọdún 4, tí òun sì bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ọjọ́ ìbí wọn àti Kérésìmesì bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀. Ó ní nínú ìdáhùn 100, 93 ni ó tọ́ fún ọdún 10, 82 fún ọdún 7, 69 fún ọdún 4. Ènìyàn yóò rò pé ẹjọ́ parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń béèrè mọ ìdáhùn, ó sì ń ka ọjọ́ sí wọn létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé Ọjọ́ Ajé ni? ṣé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni? Ohùn ẹni tí ó mọ èsì a máa yí padà díẹ̀ bí ó bá dé ibẹ̀, ẹni tí hypnosis sì ti mú kò ní ohun mìíràn tí ó ń ṣọ́ ju ohùn náà lọ. Orne lọ bá àwọn ọmọ ọdún 4 gan-an, kò sì rí ọ̀kan tí ó mọ ọjọ́ tí òní jẹ́ nínú ọ̀sẹ̀. Báwo ni àgbàlagbà yóò ṣe rántí ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ rí? Àwọn mìíràn tún ìdánwò náà ṣe, wọn kò rí irú èsì bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò 1983 ni ó yẹ kí ó ba ni lẹ́rù jù. Jean-Roch Laurence àti Campbell Perry, ní ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, mú ènìyàn 27 tí hypnosis ń mú dáadáa. Olúkúlùkù wọn dárúkọ òru kan nínú ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá tí ó sùn láìjí. Lábẹ́ hypnosis, wọ́n dá a lábàá fún wọn pé ariwo kan jí wọn ní òru náà. Nígbà tí ojú wọn ti là kedere, 13 nínú wọn wí pé àwọn gbọ́ ariwo. Nígbà tí wọ́n sì ṣàlàyé fún wọn pé olùdarí ni ó dá ariwo náà lábàá, àwọn kan kọ̀, wọ́n ní àwọn mọ ohun tí àwọn gbọ́. Bí òru ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn bá lè yí padà báyìí, kí ni ká sọ nípa ohun 30 ọdún sẹ́yìn?

ÌDÍ RẸ̀ TÍ Ó FI RÍ BẸ́Ẹ̀

Ìrántí kì í ṣe àgbàdo inú àká, tí yóò wà bí a ti kó o sí títí di ọjọ́ tí a ó lọ mú un. Ó dà bí ògiri ilé alámọ̀ tí wọ́n ń rẹ́ lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá wò ó rí ògiri kan ṣoṣo; kò lè mọ èyí tí ó jẹ́ amọ̀ àkọ́kọ́ àti èyí tí ó jẹ́ ti èṣí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti sọ fún nígbà púpọ̀ bí ó ti ṣubú sínú odò nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 2 lè dàgbà tán kí ó máa rí omi náà lójú ara rẹ̀, kí ó sì búra pé òun rántí. Kò purọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti di ojú rẹ̀.

Ohun méjì ni hypnosis ń fi kún un. Èkíní, ó ń mú ìṣọ́ra kúrò. Ẹni tí ojú rẹ̀ là yóò ní, “Kò dá mi lójú”. Lábẹ́ hypnosis yóò sọ ohun tí ó bá kọ́kọ́ wá sí ọkàn rẹ̀, ìbáà ṣe ìrántí, ìbáà ṣe àlá, ìbáà ṣe ohun tí ó kà nínú ìwé. Nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, àṣìṣe rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Èkejì ni ó burú jù: ó ń mú ìdánilójú pọ̀. Ohun tí ó jẹ́ àfojúsùn lásán yóò wá di ohun tí ẹni náà lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dúró lé lórí. Ẹni tí ń purọ́ a máa gbọ̀n bí a bá ń wádìí rẹ̀ wò. Ẹni tí hypnosis ti fún ní ìrántí kò ní gbọ̀n, nítorí pé kò mọ̀ pé irọ́ ni. Adájọ́ tí ó bá ń wo ojú ẹlẹ́rìí láti mọ òtítọ́ kò ní rí nǹkan kan tí yóò fu ú lára.

IBI TÍ ÌPALÁRA TI WÁ

Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tí ó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lọ bá dókítà ọpọlọ ní 1986 nítorí ìdààmú ọkàn. Dókítà náà lo hypnosis àti irú ọgbọ́n mìíràn bẹ́ẹ̀ fún un láti wá ohun tí ó farasin nínú èwe rẹ̀. Obìnrin náà wá gbàgbọ́ pé nígbà èwe òun wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ń jẹ ọmọ ọwọ́, pé wọ́n pa ọ̀rẹ́ òun, ọmọ ọdún 8, lójú òun, àti pé ènìyàn tí ó ju 120 lọ ni ó ń gbé inú òun. Nígbẹ̀yìn ó mọ̀ pé kò sí èyí tí ó ṣẹlẹ̀. Ó gbé dókítà náà lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì parí ẹjọ́ náà ní 1997 pẹ̀lú owó ìtánràn mílíọ̀nù 2.4 dọ́là. Ọ̀pọ̀ ọdún tí ó fi gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ ká ọkàn, owó kò lè rà á padà.

Àwọn aláṣẹ kò dákẹ́. Ní 1982, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ California dájọ́ pé ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti fi hypnosis wá ìrántí rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ní 1985, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé ìrántí tí hypnosis mú wá kò péye ju èyí tí ó wá fúnra rẹ̀ lọ, àti pé ó tilẹ̀ máa ń ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé dín sí i. Ní 1997, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Bìrìtìkó gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n yẹra fún irú ọgbọ́n ìwárìí ìrántí bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé hypnosis kò ran ìwádìí lọ́wọ́ rí ni? Ó ti ràn án. Ní oṣù July 1976, àwọn ọ̀daràn jí ọmọ ilé ìwé 26 àti awakọ̀ wọn gbé ní Chowchilla ní California, wọ́n sì bò wọ́n mọ́ inú ilẹ̀. Gbogbo wọn jàjà bọ́. Lábẹ́ hypnosis, awakọ̀ náà rántí nọ́mbà ọkọ̀ kan tí àwọn ọ̀daràn náà gùn, ẹyọ kan péré ni ó ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ohun ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn ni, kì í ṣe ti èwe, nọ́mbà ọkọ̀ sì jẹ́ ohun tí ọlọ́pàá lè lọ wò nínú ìwé. Ìwé ni ó fi òtítọ́ rẹ̀ hàn, kì í ṣe hypnosis.

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ yìí sọ fún ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ ní kékeré pé irọ́ ni ó ń pa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń ṣe níbi ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbàgbé rí. Ìtìjú àti ẹ̀rù ni ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àwọn mìíràn a máa rántí lójijì lẹ́yìn ọdún púpọ̀, láìsí ẹni tí ó darí wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ kí á fi sùúrù tẹ́tí sí, kí á sì wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí tirẹ̀ gan-an ni ó fi yẹ kí á ṣọ́ra fún hypnosis, nítorí pé bí wọ́n bá ti da àbá olùdarí pọ̀ mọ́ ìrántí tòótọ́, kò sí ẹni tí yóò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ẹni tí a ṣẹ̀ sì lè pàdánù ẹjọ́ tí ó tọ́ sí i.

Ẹni tí ó bá ń bi ọmọdé tàbí àgbà léèrè ohun tí ó ti kọjá, kí ó béèrè pé, “Kí ni ó ṣẹlẹ̀?” kí ó sì dákẹ́. Kí ó má ṣe wí pé, “Ṣé lágbájá ni ó ṣe é?” nítorí pé ẹni tí ó bá fi orúkọ sínú ìbéèrè ti fi ìdáhùn sí ẹnu ẹni tí ó ń bi. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ èwe ara rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ọkàn rẹ̀ nìkan ń bẹ: àgbà ilé, aládùúgbò àtijọ́, káàdì ilé ìwòsàn, ìwé ìrìbọmi, ìwé orúkọ ilé ìwé àti àwòrán tí wọ́n yà nígbà náà. Èyí tí ẹlẹ́rìí méjì tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn bá sọ ní ohùn kan ni ó sún mọ́ òtítọ́.

Àwọn baba wa sọ pé agbẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Hypnosis kò ju ẹnìkan lọ. Ẹni náà sì ni a ti sọ ohun tí yóò wí sí létí kí ó tó jókòó síwájú adájọ́. Kí á lo ọgbọ́n náà fún ẹni tí ara ń ro. Ní ti ohun àtijọ́, kí á máa bi ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí á sì máa wo ohun tí a kọ sílẹ̀.